Bí obìnrin ṣe lè dáko ẹ̀gẹ́ létí òkun kí èrè rẹ̀ má bọ́ sápò ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi tó fẹ́ dáko lọ́dọ̀ wa l'Àgbádárìgì, láàárín ọ̀sà àti òkun, mi ò ní fi ẹ̀gẹ́ gbígbìn gba àkókò yín. Igi tó ní ojú márùn-ún sí méje, mítà kan síra, nígbà òjò oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó parí. Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ obìnrin ni mo fẹ́ kí a mójú tó.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àmọ́ ní abúlé, olórí ẹbí ló ń fúnni nílẹ̀, ọkùnrin ló sì máa ń fẹ́ bá sọ ọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ọkọ yín, ẹ gba ìwé. Opó mélòó ni a ò tíì rí tí wọ́n gbàko lọ́wọ́ rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé? Ìwé pélébé kan ti tó: orúkọ yín gan-an, kì í ṣe "ìyàwó lágbájá", ààlà ilẹ̀, iye ọdún, iye ìṣákọ́lẹ̀, àti ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà inú ilé náà. Ìyá àgbà kì í gbàgbé ohun tí wọ́n sọ lójú rẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àgbọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó gbalẹ̀ dáko gbin igi tó ń pẹ́, torí ẹ̀rù pé lọ́jọ́ iwájú ó lè fi igi náà jẹ́rìí pé òun ló nilẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún yín, kí wọ́n kọ ẹni tí yóò máa ká a.

Ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, kí ẹ tọ́ omi kànga tó sún mọ́ ọn wò. Ìgbà yẹn ni omi òjò ti fà nínú ilẹ̀ tí omi iyọ̀ ń ti abẹ́ wọlé. Bó bá ti ń ta yín lẹ́nu, ẹ̀gẹ́ ò ní ṣe dáadáa níbẹ̀, àfi àgbọn.

Ó wá ku títà, ibẹ̀ gan-an ni ogun wà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú. Alágbàtà mọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi kánjú. Ó lè ní kí ẹ ta á nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: á rìn lọ sí ìkángun tí iyanrìn ti pọ̀, á fa gbòǹgbò kan tó tín-ín-rín yọ, á mi orí, á wá fi ìyẹn dá iye lé gbogbo oko. Ẹ ní kí ẹ jọ fà á ni, kóun fa ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà lọ fa ọ̀kan láàárín oko.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ yan án ní gàrí. Kí ẹ tó wú u, ẹ ti bá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dá ọjọ́. Kóńgò tiyín ni kí ẹ gbé jáde. Ẹ da ti oníbàárà délẹ̀ kí ẹ wo ìdí ẹ̀: èyí tí wọ́n ti fi òòlù lù láti inú máa ń yọ síta bí ikùn olóyún, gàrí tó ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò kéré.

Fún owó òṣìṣẹ́, èsúsú ló dáa jù. Alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ ẹgbẹ́ èsúsú yín kí kíkó tiyín bọ́ sí ìgbà ìroko kejì, nígbà tí koríko le jù tí kò sì sí nǹkan títà.

Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ènì o. Ẹ tò ó ní òró síbi òjìji de ìgbà gbígbìn, kí ẹ fi erùpẹ̀ bo ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ dá iye lé e lọ́tọ̀.