Ẹ̀pà aláṣọ: bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe bọ̀ǹbọ́n ẹ̀pà tá a rì bọ ṣokolá nílé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ní oko ẹ̀pà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá nǹkan tà níwájú ilé ìwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bọ̀ǹbọ́n la fẹ́ sọ, èyí tá a fi ẹ̀pà lílọ̀ ṣe tá a wá fi ṣokolá bò lára. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ti sọ ọ́ ní ẹ̀pà aláṣọ, wọ́n ní ẹ̀pà ọ̀hún ti wọṣọ, orúkọ yẹn wù mí ni mo fi mú un. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Ohio, buckeye ni wọ́n ń pè é, igi kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kóró ẹ̀ dúdú ó sì ní ojú kan tó mọ́ díẹ̀, ìyẹn ni wọn ò fi ń ri bọ̀ǹbọ́n náà wọ inú ṣokolá tán, wọ́n á fi orí ẹ̀ sílẹ̀ kó lè jọ ojú yẹn.

Kí n tó sọ iye tẹ́ ẹ máa wọ̀n, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ná, torí òun gan-an ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Ṣokolá máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀pà tí ò dáa, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sẹ́nu lásán, lọ́pọ̀ ìgbà ẹnu á sọ fún yín, á korò, ẹ ó sì tu ú dànù. Ṣùgbọ́n tí ṣúgà bá ti wọ̀ ọ́, tí ṣokolá tún wá bò ó, ọmọ á jẹ márùn-ún kò ní mọ nǹkan kan. Torí náà ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń ṣe é ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu ọmọ ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ẹ̀pà àkọ́rọ̀ tá a máa ń wú ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, òjò ṣì máa ń wà nílẹ̀ nígbà náà, òun ló sì máa ń fún wa ní wàhálà jù. Tẹ́ ẹ bá ti wú u, ẹ má kó o jọ òkìtì sínú oko kó máa gbóná, ẹ má sì sá a sórí ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ báàṣì sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀pá ṣe pẹpẹ sá a, tí òjò bá ṣú kẹ́ ẹ yára bò ó. Ẹ máa sá a títí tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan tẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n létí, ẹ ó gbọ́ tí ọmọ inú ẹ̀ ń ró ṣaka ṣaka. Èyí tí ò bá tíì ró, omi ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ má kó o sápò.

Àṣà kan wà tó ń dùn mí tí mo bá rí i lọ́jà, kí wọ́n máa wọ́n omi sí ẹ̀pà tó ti gbẹ kí èèpo ẹ̀ lè rọ̀ láti bó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń ro èèyàn, ìyá mi náà máa ń bó ẹ̀pà títí àtàǹpàkò ẹ̀ á fi lé, ṣùgbọ́n omi yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó bu nínú àpò. Èbu yẹn sì ní májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin. Ní ọdún 1960 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòlò tó lé ní 100,000 ló kú, wọn ò mọ ohun tó pa wọ́n, wọ́n wá a títí, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé oúnjẹ tí wọ́n fún wọn ni, ẹ̀pà ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀pà yẹn ti bu. Ara èèyàn náà ò gbà á, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, tó bá pẹ́ nínú ara ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Iná ò sì lè yanjú ẹ̀ o! Kẹ́ ẹ yan ẹ̀pà dáadáa máa dín in kù díẹ̀, kò ní pa májèlé yẹn tán.

Torí náà ẹ ṣà á. Ẹ dà á sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kì í ṣe alẹ́ lábẹ́ fìtílà, kẹ́ ẹ ṣà á wóró wóró: èyí tó rún jọ, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó ti là sí méjì, èyí tó ti ń hù, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀. Èyí tó wá ń pa èèyàn lójú dé ni èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo mú irú ẹ̀ kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀pà tó lẹ́wà gan-an, mo fi èékánná là á sí méjì, ní àárín ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, nǹkan kan tó dà bí eruku ewé gbígbẹ ló jókòó síbẹ̀, ó mú àwọ̀ ewé mọ́ yẹ́lò. Látìgbà yẹn, nínú kílò kọ̀ọ̀kan mo máa ń la bí ogún wò, tí mo bá rí ju ọ̀kan lọ mi ò ní fi àpò yẹn ṣe nǹkan jíjẹ.

Èyí tẹ́ ẹ ṣà dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o fún àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí, ẹ má fún adìyẹ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rì í.

Ó yá, ká wá sí ìdáná. Fún bọ̀ǹbọ́n bí ọgọ́ta, ẹ mú ẹ̀pà bíbó tó tó 600 g, tẹ́ ẹ bá yan án tán tẹ́ ẹ gbo awọ ẹ̀ kúrò á ṣẹ́ ku nǹkan bíi 500 g ní lílọ̀. Bọ́tà 100 g, ṣúgà tá a lọ̀ kúnná lẹ́búlẹ́bú 350 g, iyọ̀ tín-ín-tín tí ìka méjì lè mú, ṣokolá 350 g. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fanílà sí i, ó dáa, tẹ́ ò bá ní i kò bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ ṣúgà onígun tàbí èyí tó ń ta pàrà ló wà nílé, ẹ gún un lódó tó gbẹ kẹ́ ẹ fi asẹ́ aláṣọ kù ú, torí tí hóró ẹ̀ bá ṣẹ́ kù á máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu bí iyanrìn.

Iná kékeré lẹ fi yan ẹ̀pà, ẹ máa rò ó láìdúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa wo inú ẹ̀, kì í ṣe awọ, tí inú ẹ̀ bá ti pọ́n díẹ̀ bíi kọfí tí wàrà pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ gbé e kúrò, torí ooru tó wà lára ẹ̀ á ṣì máa yan án lọ. Tó bá tutù ẹ fi ọwọ́ gbo ó, ẹ fẹ́ ẹ lórí atẹ kí awọ lọ, kẹ́ ẹ tún wá ṣà á lẹ́ẹ̀kejì, torí nígbà tí awọ bá ti lọ ni àwọn tó ní àbàwọ́n dúdú lára máa ń hàn kedere, mi ò tíì ṣa ìkejì yẹn rí kí n má rí mẹ́ta mẹ́rin tó bọ́ lójú mi nígbà àkọ́kọ́.

Lílọ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré nílé, òun ló dáa jù. Tó bá jẹ́ ilé ẹ̀rọ àdúgbò lẹ ń lọ, ẹ bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Ata ló sábà máa ń jẹ́! Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀kún ọwọ́ méjì ẹ̀pà yín kọ́kọ́ gba inú ẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀. Ẹ má da omi sí i rárá. Gbogbo ìdí tí bọ̀ǹbọ́n yìí fi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́ ni pé kò sí omi nínú ẹ̀, omi ni nǹkan tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ń wá.

Ẹ̀pà lílọ̀ tiwa yàtọ̀ sí ti inú ìgò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun o. Tiyẹn, wọ́n ti fi ọ̀rá tó máa ń dì sí i, ó máa ń le. Tiwa, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ mọ́jú, òróró á léfòó sókè, nǹkan bí ìdajì ẹ̀pà ló jẹ́ òróró. Ẹ rọra da òróró òkè yẹn kúrò, ẹ fi dín nǹkan, kẹ́ ẹ wá po èyí tó kù mọ́ bọ́tà tó ti rọ̀, iyọ̀, àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó sì ń dán fún òróró, wàrà lẹ́búlẹ́bú ṣíbí méjì mẹ́ta ló ń gbà á, mo ti fi gààrí tá a gún kúnná gbìyànjú ẹ̀ náà, ó mú un le lóòótọ́, àmọ́ ó ń kan díẹ̀ lẹ́nu, mi ò gbádùn ẹ̀. Ẹ ká a ní róbótó róbótó, kó má ju orí àtàǹpàkò àgbà lọ, ẹ tò ó sórí abọ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gbé e sínú fírígò fún wákàtí kan. Tí kò bá tutù tó, á yọ́ sínú ṣokolá ni.

Ṣokolá yìí wá ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí beurre de cacao nìkan, ìyẹn ọ̀rá kòkó, ṣokolá gidi nìyẹn, ó dùn, ó ń dán, àmọ́ ó fẹ́ ìtọ́jú. Tẹ́ ẹ bá rí graisse végétale, ọ̀rá ewéko míì ni wọ́n fi ṣe é, adùn ẹ̀ ò tó ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n kì í dààmú èèyàn, ẹ yọ́ ọ kẹ́ ẹ máa rì í lọ, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ooru tiwa yìí èmi á ní kó fi ìyẹn kọ́ ọwọ́. Èyí tó wà nínú ike tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí, kò lè dì láé. Àwọn ará Sábẹ máa ń bi mí bóyá àwọn lè fi òrí sí i torí òrí pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìdáhùn mi ni pé rárá, òrí ilé á jẹ́ kó rọ̀ sí i ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó máa fi le là ń wá.

Fún ṣokolá gidi, ẹ gé gbogbo ẹ̀ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Ẹ gbé omi kaná, tó bá hó ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé abọ́ gbígbẹ lé ẹnu ìkòkò náà kí ìdí ẹ̀ má kan omi, ẹ da ìpín méjì sínú abọ́ yẹn, ẹ máa rò ó títí á fi yọ́. Ẹ wá gbé abọ́ kúrò, ẹ nu ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ da ìpín kẹta sí i, ẹ máa rò, máa rò, kó yọ́ lára ooru tó ti wà nílẹ̀. Ìpín kẹta yìí ló ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe máa dì kí wọ́n lè máa dán. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru, 31 sí 32 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti ṣokolá dúdú, ti oníwàrà 29 sí 30. Ẹni tí ò ní, kó fi ṣíbí mímọ́ kan díẹ̀ sí ètè ẹ̀, tó bá tutù ju ètè lọ ní ìwọ̀nba, ó ti yá. Ẹ tún ti ẹnu ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ gbé e síbi tó tutù, tó bá fi máa tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti dì tó sì ń dán, ẹ máa rì í lọ. Tẹ́ ẹ bá sáré tẹ́ ò ṣe èyí, á dì lóòótọ́ àmọ́ lọ́jọ́ kejì á hu funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ mú. Kò pa èèyàn, ọ̀rá ṣokolá ló jáde, ṣùgbọ́n oníbàárà á rò pé ó ti bu ni.

Omi tún ni ọ̀tá níbí. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìdérí ìkòkò kọjá lórí abọ́ ṣokolá mi, omi bí ẹ̀kán mẹ́ta ló jábọ́ sínú ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀ ṣùjọ, ó gan bí amọ̀ tí oòrùn pa, ṣokolá odidi ọjà kan nìyẹn, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín ẹ má dà á nù, ẹ bu wàrà gbígbóná sí i dáadáa kẹ́ ẹ pò ó, á tún yọ́, kẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ mu. Kò ṣeé fi rì nǹkan mọ́.

Rírì ò le. Ẹ fi igi ìtayín gún bọ̀ǹbọ́n lórí, ẹ tì í bọ ṣokolá, ẹ gbọ̀n ọ́n kí èyí tó pọ̀ jù kán, ẹ gbé e sórí bébà tó ń dán, kẹ́ ẹ fi ìka pa ojú ihò igi náà dé. Alẹ́ tàbí ìdájí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Àsìkò ọyẹ́ ló rọrùn jù, oṣù kejì sí oṣù kẹta ló le jù, torí nǹkan bí 34 lórí ìwọ̀n Celsius ni ọ̀rá kòkó ti ń yọ́, àwa náà sì mọ bí ọ̀sán ṣe ń rí nílé wa nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú fírígò ti tó fún un láti dì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ pẹ́, inú agolo tó dé pinpin ni, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní ṣe nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá sì gbé e jáde ẹ má ṣí i kíákíá, ẹ jẹ́ kí òtútù ẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.

Ti ọjà: ẹ ṣírò ẹ̀pà tiyín náà lówó, oko yín ló ti wá àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ká ní gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú gáàsì àti ọ̀rá tẹ́ ẹ fi dì í, gbà 6,000 sẹ́fà, tẹ́ ẹ sì rí ọgọ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mu 100 nìyẹn kẹ́ ẹ tó jèrè, kò ṣeé tà ní 50 fún ọmọ ilé ìwé. Ẹ ká a kéré sí i, tàbí kẹ́ ẹ ri ìdajì ẹ̀ nìkan, ṣokolá ló ń gbówó jù. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá ẹ̀ pé ẹ̀pà wà nínú ẹ̀, torí ara àwọn ọmọ kan ò gba ẹ̀pà, ètè wọn á wú, mímí á ṣòro fún wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé lọ sí Pobè, ẹ̀yìn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ni mo wà ní aago méjìlá ọ̀sán, inú báàgì dúdú ni mo kó o sí, nígbà tí mo máa débẹ̀ ó ti di odidi kan. Ní báyìí, mo máa ń kúrò ní Kétu kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, inú kúlà ni mò ń kó o sí, omi ọlọ́ràá tó ti dì gbagidi méjì ló máa ń wà nísàlẹ̀, mo á fi aṣọ gbígbẹ wé e nípọn kí ìrì ẹ̀ má kan agolo, agolo á wá jókòó lórí aṣọ.