Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí irin le kó tó rọ̀: bí grafáìtì ṣe ń yọ nínú irin tó rọrùn gé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé irin nídìí lathe, ẹ mọ̀ pé òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ irin tó máa ń gé wẹ́rẹ́, bíi 12L14 tó ní òjé 0.15 sí 0.35%. Májèlé sì ni òjé, ara àwọn tó ń yọ́ irin ló ń lọ. Grafáìtì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù dúdú tó rọ̀ bíi tinú pẹ́ńsù, lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Kábọ́ọ̀nù tó ti wà nínú irin tẹ́lẹ̀ náà la máa sọ di grafáìtì, á máa yọ̀ bí ọ́ìlì lẹ́nu tuùlù, èérún irin á sì máa já wẹ́wẹ́ dípò kó máa lọ́ bí okùn.

Bọ́rọ̀ ṣe rí ni pé kábọ́ọ̀nù àti irin máa ń so pọ̀ di síméńtáìtì, ohun líle tó máa ń jẹ ẹnu tuùlù, àmọ́ síméńtáìtì yìí ò dúró títí láé, tó bá pẹ́ nínú iná ó máa tú, irin á lọ lọ́tọ̀, grafáìtì á yọ lọ́tọ̀. Ohun tá a fẹ́ ni kó tètè tú, kí hóró grafáìtì ẹ̀ kéré, kó sì fọ́n káàkiri.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú irin náà. Sílíkọ́ọ̀nù ló ń tú síméńtáìtì jù, 1 sí 2% máa ń ṣiṣẹ́ gan-an, níkẹ́ẹ̀lì àti álúmíníọ̀mù náà ń ràn án lọ́wọ́. Bórọ́ọ̀nù ò ju bíńtín lọ, nǹkan bíi 0.002%, ó máa so mọ́ náítírójìnì, ohun tí wọ́n bá sì dì yẹn, ìtò ẹ̀ jọ ti grafáìtì gan-an, ibẹ̀ ni grafáìtì á ti rí ibi jókòó. Krómíọ̀mù ni ọ̀tá o! Ó máa wọnú síméńtáìtì, ó máa dì í mú pinpin, ẹ ṣọ́ irin àlòkù torí ibẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Máńgánéésì náà ń dí i lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ tán, òun ló ń de imí ọjọ́ mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1943 ní Amẹ́ríkà, páìpù stíìmù kan bẹ́ torí grafáìtì tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó o pọ̀, krómíọ̀mù ni wọ́n wá ń fi sírú irin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó ń gba páìpù là yẹn ló máa ba tiwa jẹ́.

Ó wá kan iná, ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ má gbé irin náà lọ yan tààrà. Ẹ jẹ́ kó gbóná dé bíi 850 sí 900 dígírì Celsius, kẹ́ ẹ rì í bọ omi tàbí ọ́ìlì kó le gbagidi, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá a padà sínú ìléru ní bíi 680, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Mo ti gbé èyí tí mi ò rì bọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, ó pẹ́ títí, ìwọ̀nba grafáìtì tó yọ sì tóbi gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ìdí ni pé grafáìtì ń gba àyè ju síméńtáìtì lọ, ó ń wá ihò tó máa há sí, irin tá a rì bọ omi sì kún fún àwọn ibi tó ti là tíntìntín, síméńtáìtì ẹ̀ náà wá kúnná káàkiri. Ẹ má jẹ́ kí iná kọjá 720 torí kábọ́ọ̀nù máa yọ́ padà sínú irin. Ẹ sì fi èérún irin bò ó nínú àpótí tó dé dáadáa, kí afẹ́fẹ́ má jẹ kábọ́ọ̀nù ojú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gé díẹ̀, ẹ fi sáńpépà dán an, ẹ wò ó ní máíkírósíkóòpù kẹ́ ẹ tó fi ásíìdì kàn án. Ẹ máa rí tóótòòtó dúdú lórí funfun. Ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ dán an o, torí tẹ́ ẹ bá fagbára mú un, grafáìtì máa já bọ́, ihò tó fi sílẹ̀ náà á sì dúdú bíi tiẹ̀, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gé nǹkan yín tán lẹ lè tún mú un gbóná kẹ́ ẹ rì í bọ ọ́ìlì kó tún le padà, hóró grafáìtì tó kéré máa tètè yọ́ sínú irin, èyí tó tóbi máa pẹ́, ó sì lè fi ihò sílẹ̀.