Àwòrán alẹ́ mi ń ṣe bàìbàì: ṣé kí n ta kámẹ́rà mi ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Sony a6000 tòkunbọ̀ ni mo ń lò, lẹ́ńsì 16-50mm tó bá a wá ló wà lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án, àwòrán rẹ̀ dùn ún wò. Àmọ́ tí mo bá gbé e lọ òde ìnáwó lálẹ́, tàbí tí mo fẹ́ ya àwọn ọmọ ní pálọ̀, gbogbo rẹ̀ á kàn ṣe bàìbàì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n tà á, kí n ra èyí tó jù ú lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìdáhùn: Má tíì tà á o. Ṣí ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó bàjẹ́ náà, fẹ̀ ẹ́ lójú, kí o wo ohun tí kì í rìn níbẹ̀: àga, ògiri, abọ́ orí tábìlì. Tí àga bá mọ́ kedere ṣùgbọ́n tí apá oníjó dà bí èéfín, kámẹ́rà ló lajú sílẹ̀ pẹ́ jù. Tí àga àti èèyàn bá jọ ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló mọ́ ju ìyàwó lọ, ibi tí kò yẹ ni kámẹ́rà tẹjú mọ́.

Mo fura sí èyí àkọ́kọ́. Lẹ́ńsì rẹ yẹn, f/3.5 ni nígbà tó wà ní 16. Bí o bá fà á dé 50, ó ti di f/5.6 nìyẹn. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń kéré sí i. Lẹ́ńsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 10 ti f/5.6, nítorí náà níbi tí kámẹ́rà ti ń kọ 1/30 sí ọ lójú (ìyẹn ni pé ó lajú fún ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá), 1/250 ni yóò máa kọ. Ẹni tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí kò ní dúró de 1/30 rẹ. OSS tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì náà, ọwọ́ tìrẹ tó ń gbọ̀n ló wà fún; kò lè di ọwọ́ oníjó mú.

Kí o tó náwó, gbìyànjú èyí lálẹ́ òní. Yí bọ́tìnì orí kámẹ́rà sí S, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan bí yóò ṣe lajú pẹ́ tó, gbé e sí 1/160, jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí ó ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, gòkè dé 3200. Má fa lẹ́ńsì rárá, fi í sí 16, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ sún mọ́ wọn. Àwòrán náà á ní iyanrìn díẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ojú èèyàn á hàn. Tó bá ṣì ṣókùnkùn, a jẹ́ pé lẹ́ńsì ló kù.

Ìbéèrè: Lẹ́ńsì 35mm ni kí n rà tàbí 50mm? Wọ́n ní 50 ló dáa fún ojú èèyàn.

Ìdáhùn: Ó dáa fún ojú, kò dáa fún pálọ̀. Sẹ́ńsọ̀ a6000, ìyẹn ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kéré, 1.5 la fi ń sọ nọ́ńbà lẹ́ńsì di ìlọ́po, nítorí náà 50 á máa ríran bíi 75. Ẹ̀yìn rẹ á ti kan ògiri, ìdajì ẹbí á ṣì wà níta àwòrán. 35 ń ríran bíi 52, ìyẹn sì tó fún ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní tèmi o, Sigma 30mm f/1.4 ni mo máa mú. Kò ní OSS, àmọ́ èèyàn tó ń rìn ni tìrẹ, kì í ṣe òkúta. Kàn rí i pé ti E-mount (ẹnu tó bá Sony rẹ mu) ni wọ́n kọ sára rẹ̀, torí Sigma ń ṣe irú rẹ̀ fún kámẹ́rà mìíràn náà.

Ìbéèrè: Tòkunbọ̀ ni agbára mi ká. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ, yọ ìdérí iwájú àti ẹ̀yìn, kí o wo inú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Tí o bá rí ohun tó tàn káàkiri bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Dá a padà fún wọn. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ra èyí tó bu rí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ibẹ̀ ń tàn yòò, torí ojú tì mí láti mú tọ́ọ̀ṣì jáde níwájú ọlọ́jà. Tí o bá gbé e délé, àpò kékeré oníkóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà, má dà á nù mọ́. Jù ú sínú báàgì kámẹ́rà, á máa fa ọ̀rinrin.

Ìbéèrè: Ọrùn máa ń dùn mí, ẹ̀rù olè sì ń bà mí lórí ọ̀kadà. Ilé ló sábà máa ń wà.

Ìdáhùn: Kámẹ́rà náà, pẹ̀lú bátìrì, 344 gíráàmù ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá ló ń gé ọ lọ́rùn. Ra èyí tó fẹ̀, kí o gbé e kọ́ èjìká sọdá àyà, kámẹ́rà á wà ní ìbàdí. Báàgì tí wọ́n kọ Sony gàdàgbà sí, fi sílẹ̀. Báàgì lásán ni mo ń lò, tòwẹ́lì àlòkù ni mo fi wé kámẹ́rà nínú rẹ̀, ọ̀rá ńlá kan sì wà lábẹ́ nítorí òjò. Lórí ọ̀kadà, àyà ni báàgì ń wà, láàárín èmi àti ẹni tó ń wà mí.

Ìbéèrè: Bátìrì kì í pẹ́.

Ìdáhùn: Bátìrì rẹ̀, NP-FW50, kékeré ni. Pa Pre-AF, tó ń mú kí kámẹ́rà máa wá ibi tó máa tẹjú mọ́ kí o tó tẹ bọ́tìnì, sì tan Airplane Mode. Ra ìkejì. Power bank fóònù rẹ lè ṣájì rẹ̀ gba ihò USB, bí kámẹ́rà bá wà ní pípa.

Ìbéèrè: Kẹ́yìn, àmì dúdú kan ń hàn lójú ọ̀run nínú àwòrán mi láti ìgbà ọyẹ́.

Ìdáhùn: Eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Irú kámẹ́rà yìí kò ní dígí (mirror) tó dúró níwájú sẹ́ńsọ̀. Bí o bá ti yọ lẹ́ńsì, ìta gbangba ló wà. Pa á, dojú rẹ̀ dé, kí o tó pààrọ̀ lẹ́ńsì, má sì ṣe é nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Cleaning Mode wà nínú menu rẹ̀, lò ó ná. Tí kò bá lọ, fi róbà tí a ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kí ojú kámẹ́rà kọ sí ilẹ̀. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i, itọ́ yẹn sì le ju eruku lọ láti nù kúrò.