Ẹ sọ fún alápatà ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sè
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ alápatà l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, ẹ má kàn ní kó gé ẹran fún yín. Owó ẹran ti wọ́n jù. Fún ọbẹ̀ iyán, ẹran ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń rìn kiri, ìdí nìyẹn tó fi le. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sè é fún wákàtí 2 sí 3 lórí iná jẹ́jẹ́, iṣan inú rẹ̀ á yọ́, omi rẹ̀ á ki, á sì bá ẹ̀gúsí mu gan-an. Ẹran ẹ̀yìn rọ̀ ní tiẹ̀, òun ló dáa fún dídín àti súyà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, á gbẹ. Tẹ́ ẹ bá sì ń gé e, ẹ gé e dábùú fọ́nrán ẹran náà.