Bí mo ṣe forúkọ òwò gààrí ilé wa sílẹ̀

Nígbà tí mo ń forúkọ òwò gààrí ilé wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ìbéèrè tó há mi lọ́fun jù kì í ṣe ti owó. Fọ́ọ̀mù wọn ní kí n kọ ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà yẹn?

Mo bi Màámi. Wọ́n ní, "Ìyá àgbà ti ń yan gààrí tà kí owó tó di náírà. Ṣé bí ọ̀rọ̀ tọ́rọ́ ṣe ń dìjà nídìí igbá gààrí ni mo máa gbàgbé?" January 1973 ni náírà dé. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ìyẹn ò le. Tọ́rọ́ ló wá di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Oníbàárà tí kò ní ààbọ̀ yẹn lọ́wọ́ á san kọ́bọ̀ méjì, á ní kí wọ́n bu díẹ̀ kúrò. Ìyá àgbà á ní àwọn ò bu nǹkan kan kúrò.

Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi ń rin gbágùúdá nígbà náà, òkúta ni wọ́n sì ń gbé lé àpò kí omi rẹ̀ lè ro. Ẹ wo ìka Màámi, ẹ óò rí àpá páànù níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì ni òwò tó gbòòrò, torí gbogbo àdúgbò ló ń gbé gbágùúdá tiwọn wá, tí wọ́n ń sanwó. Lójú tèmi, owó ẹ́ńjìnnì yẹn ló rán wa níwèé ju gààrí fúnra rẹ̀ lọ. Jáàkì náà dé, òkúta kúrò nílẹ̀. Ohun tí wọn ò fọwọ́ kàn ni iye ọjọ́ tí àpò fi ń jókòó kó tó kan. Àwọn tó ń kánjú máa ń yan án lọ́jọ́ kejì. Gààrí ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ má pè é ní ti Ìjẹ̀bú fún mi.

Ó wá kan ta ló ni òwò. Àwọn kan nínú ẹbí ní orúkọ Màámi nìkan ti tó. Àǹtí, àbúrò Màámi tó ń kó gààrí lọ Èkó, wà níbẹ̀. Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ń jọ gààrí wọn lọ. Màámi ló ní, "Kọ àwa méjèèjì." Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí lójú òfin, orúkọ òwò kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín: gbèsè òwò, gbèsè olówò ni. Nígbà tó jẹ́ àwọn méjèèjì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà lọ́dún tí Awólọ́wọ̀ kú, 1987 ni mo kọ. Òfin ní kéèyàn ti forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí òwò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa ṣírò ẹ̀.

Ìyókù yá. Orúkọ méjì ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti gbà á. Ìkejì ló bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni NIN àwọn méjèèjì, fọ́tò, àdírẹ́sì, irú òwò, àti ìfọwọ́síwèé lórí bébà funfun. Kí ẹ rí i pé orúkọ inú NIN bá ti fọ́ọ̀mù mu délẹ̀ o.

Ìwé-ẹ̀rí dé sórí íméèlì, a tẹ̀ ẹ́ jáde, a gbé e lọ sí báǹkì. Ní báyìí, àwọn oníbàárà Èkó ń sanwó sínú àkáǹtì òwò, kì í ṣe ti Àǹtí mọ́. NAFDAC ló kù, torí a fẹ́ máa di gààrí sínú ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n máa wá wo ibi tí a ti ń yan án, ìdí nìyẹn tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́.