Bí mo ṣe tún ilé ìdáná wa ṣe n'Ílọrin láì ra kábínẹ́ẹ̀tì

Abẹ́ síǹkì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù kábínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wú bí ẹ̀bà tó gba omi jù, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́, aáyán sì fi ibẹ̀ ṣelé. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni bọ́ọ̀dù yẹn. Bí omi bá ti ráyè wọ etí rẹ̀, ó parí. Káfíńtà ní ká ra òmíràn. Mo gbọ́ iye rẹ̀, mo ní kó máa lọ ná.

Pọ́ḿbà ló kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà páìpù tó ń jò. Lẹ́yìn náà, dípò kábínẹ́ẹ̀tì, bíríkìlà ṣe pẹpẹ kọnkéré fún wa: ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ́ pákó lé e, ó to irin, ó sì da kọnkéré sí i: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ẹ rí i pé ààyè síǹkì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dà á o. Ẹni tó bá ní òun á gbẹ́ ẹ tó bá yá, ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́ 7 la fi ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, torí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin yìí tètè ń fa omi inú sìmẹ́ǹtì, ó sì máa ń sán.

Táìlì tó ṣẹ́kù lọ́jà ni mo rà fún orí pẹpẹ náà, àwọ̀ wọn ò dọ́gba, kò sì dùn mí. A jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sọ́nà síǹkì.

Pákó afárá láti Sawmill ni ilẹ̀kùn abẹ́ pẹpẹ náà, a fi fánnìṣì kun etí àti ìdí rẹ̀ pàápàá. Kò kanlẹ̀, kí omi ìfọlẹ̀ má baà tọ́ ọ. Màmá mi ní eku á gba àlàfo yẹn wọlé. Mo fi nẹ́ẹ̀tì oníwáyà dí i.