Bí A Ṣe Ń Gbé Ètò Orin Ọ́kẹ́sítírà Kalẹ̀ ní Ìta Gbangba ní Èkìtì

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn òyìnbó máa ń gbé ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà (ọ̀pọ̀ òṣèré tí ń fi fayolíìnì, fèrè, tráńpẹ́ẹ̀tì àti ìlù ṣeré pọ̀) jáde síta, ìyẹn láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú tí koríko sì gbẹ débi tí èrò lè tẹ́ ẹní jókòó lé e. Àwọn oṣù yìí kan náà ni òjò kì í jẹ́ kí a rímú mí ní Èkìtì. Nítorí náà, ìjọ, ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe irú ètò yìí ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìkógòsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ojú kúrò lára kàlẹ́ńdà tiwọn. Òótọ́ ni pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀, oṣù ọdún ìbílẹ̀ Udiròkò sì tún ni ní Adó, tí onílù, oníkánópì àti àwọn ará ìlú ti ní ibi tí wọ́n ń lọ. Oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní gbẹ dáadáa, àmọ́ ọyẹ́ inú wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ igi fayolíìnì. Ní oṣù kẹta ẹ̀wẹ̀, ìjì àkọ́rọ̀ òjò lè gbé kánópì sọ sórí èrò. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ni èmi fara mọ́ jù, nítorí pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì gbilẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti mú ọjọ́, olùdarí orin ni ẹ máa wá, kí ẹ tó bá oníkánópì dúnàá-dúrà, kí ẹ sì tó tẹ ìwé ìpè. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni ó ń ṣe é lódì: wọn yóò ti yan orin, wọn yóò ti yan ibùdó, wọn yóò ti ka iye àga, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá pe ẹni tí yóò wá ju ọwọ́ níwájú èrò. Olùdarí ni ó yẹ kí ó sọ orin tí ó lè dún dáadáa ní ìta, iye òṣèré tí orin náà ń fẹ́, bí wọn yóò ṣe jókòó, àti iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé fún ìdánrawò. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti darí ní ìta rí. Ẹ sì bi í pé ìdánrawò mélòó ni ó ń béèrè fún. Bí ó bá fèsì pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ̀ wa níbí, ìdí ògáànù àti iwájú akọrin ìjọ ni ọ̀pọ̀ olùdarí ti gbòde, ọ̀nà náà sì lọ́lá. Ekundayo Phillips jókòó sí ìdí ògáànù Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962, atẹ-ògáànù náà sì ni Fela Sowande tí ó kọ orin fún ọ́kẹ́sítírà. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ akọrin darí lè ṣìnà níwájú ọ́kẹ́sítírà. Tóníìkì sọ́ọ́fà (do, re, mi) ni ọ̀pọ̀ akọrin wa ń kà, ṣùgbọ́n orin orí ìlà márùn-ún ni ọ́kẹ́sítírà ń lò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn tí oníkíláríǹẹ́ẹ̀tì rí nínú ìwé tirẹ̀ kọ́ ni ohùn tí etí ń gbọ́, olùdarí sì gbọ́dọ̀ lè ṣírò èyí lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ohùn kan bá forí gbárí. Ẹ fi ìwé orin kíkún kan, èyí tí ohùn gbogbo òṣèré wà nínú rẹ̀, síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kí ó ṣàlàyé ojú ewé kan fún yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé tí ẹ óò fi mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí olùdarí ti ṣe sẹ́yìn ni ẹ óò kọ sínú ìwé ètò, ibẹ̀ sì ni àwa ọmọ Yorùbá ti máa ń fi oríkì dípò àlàyé. «Gbajúmọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé» kò sọ nǹkankan fún ẹni tí ó ń kà á. Ìlú, ọdún àti ipò ni kí ẹ kọ. Ẹ wo bí a ṣe lè sọ ìtàn Dean Dixon, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù Káríbíánì. Wọ́n bí i ní Niú Yọ́ọ̀kì ní 1915, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé orin Juilliard, ó sì dá ọ́kẹ́sítírà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Harlem ní 1932, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, ó darí ọ́kẹ́sítírà New York Philharmonic níta gbangba ní pápá Lewisohn, òun sì ni aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó darí ẹgbẹ́ náà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò sí ọ́kẹ́sítírà ńlá kan ní ilẹ̀ rẹ̀ tí ó fún un ní iṣẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀, ó sì fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1949. Ó di olùdarí àgbà ọ́kẹ́sítírà Gothenburg ní Súwídìn láti 1953 sí 1960, ó ṣe ti rédíò Frankfurt ní Jámánì láti 1961 sí 1974, ó sì ṣe ti Sydney ní Ọsirélíà láti 1964 sí 1967. Ní 1970 ni New York Philharmonic tún pè é padà, ìta gbangba náà sì tún ni, nínú ọgbà Central Park.

Ẹ kíyè sí i pé àlàyé yẹn ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára onílé. Ẹni tí a pè láti darí lálẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́ fún ọdún méje, ìwé ètò tí ó bá da méjèèjì pọ̀ sì ń tan èrò jẹ. Bí olùdarí yín bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ilé-ìwé tí ó lọ, olùkọ́ tí ó tọ́ ọ, àti ìjọ tí ó ti ń darí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá kan ibùdó. Ìta kò ní ògiri tí yóò dá ohùn padà fún èrò, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn fayolíìnì kì í rìn jìnnà láìsí ògiri. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí nǹkan wà lẹ́yìn àwọn òṣèré: ògiri ilé-ìwé, iwájú ìjọ, tàbí pátákó tí káfíńtà kàn ní ìdúró tí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lókè. Àpáta tí ó yí wa ká ní Èkìtì lẹ́wà púpọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó jìnnà, tí ó sì dojú kọ òṣèré. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àpáta bá wà ní mítà 170 sí yín, ìró ìlù yóò lọ, yóò sì padà wá bá yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, nígbà tí àwọn òṣèré ti bọ́ sórí ohùn mìíràn. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì tẹ́tí. Ìsun omi Ìkógòsì dára fún irú ètò yìí nítorí ibòòji igi rẹ̀, bí ẹ bá lè jìnnà díẹ̀ sí omi tí ń ṣàn. Ẹsẹ̀ omi Àríǹta tí ń já láti orí àpáta kò dára rárá, nítorí pé kò sí sẹ́lò (fayolíìnì ńlá tí a ń jókòó ta) tí ó lè bá a jà. Ní àárín Adó, ọ̀kadà àti ìwàásù orí sípíkà ni ọ̀tá yín, ẹ sì bẹ àwọn ìjọ tí ó wà nítòsí wò kí ẹ tó san owó ilẹ̀.

Kí orin tí ẹ yàn bá ìta mu. Nígbà tí Handel kọ orin fún ìṣeré iná ọba ní Green Park ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1749, fèrè, tráńpẹ́ẹ̀tì àti ìlù ni ọba fẹ́ gbọ́, kò fẹ́ fayolíìnì rárá. Ohun yòówù kí ó fà á, ìta gbangba dá ọba náà láre. Ẹ fi orin tí ó ní tráńpẹ́ẹ̀tì ṣíde, kí ẹ fi èyí tí ó rọlẹ̀ sí àárín, nígbà tí èrò bá ti jókòó jẹ́ẹ́. Inú African Suite tí Sowande kọ ní 1944 ni ẹ ti máa rí orin tí èrò Èkìtì lè jó sí láìkúrò lórí àga. Ẹ sì lè pe àwọn eléré àpíìrì, orin ìbílẹ̀ Èkìtì, láti ṣeré kí ọ́kẹ́sítírà tó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀ bí kò bá jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ orin náà fún wọn.

Ooru ni ohun tí àwọn olùṣètò kì í fi bẹ́ẹ̀ rò. Bí ooru bá mú, ohùn fèrè àti tráńpẹ́ẹ̀tì a máa gòkè, okùn fayolíìnì a sì máa rọ̀ tí ohùn rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, tí àwọn méjèèjì yóò máa jìnnà síra wọn bí orin ṣe ń lọ. Kánópì gbọ́dọ̀ bo gbogbo òṣèré, kì í ṣe olùdarí àti àwọn àlejò pàtàkì nìkan, kò sì gbọdọ̀ sí ohun èlò kan nínú oòrùn ṣáájú ètò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ohùn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárín ètò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí èrò má ṣe rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ó kéré tán, ẹ ṣe ìdánrawò kan ní ibùdó náà gan-an, ní wákàtí kan náà tí ètò yóò bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí iṣẹ́ ọwọ́ afẹ́fẹ́. Bí ewé ìwé kan bá ṣí fúnra rẹ̀, onífayolíìnì yóò fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohùn méjì tàbí mẹ́ta yóò sì ti sá lọ. Ẹ ra péègì tí a fi ń há aṣọ, kí ẹ fún òṣèré kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo dánrawò bí a ṣe ń yọ ọ́, tí a ń ṣí ìwé, tí a sì ń há a padà. Bí ẹ bá máa lo máìkì, ẹ sún un mọ́ fayolíìnì àti sẹ́lò. Tráńpẹ́ẹ̀tì kò nílò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé kan, kí wáyà rẹ̀ sì gùn.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn agogo mẹ́fà ní Adó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, ètò wákàtí kan ààbọ̀ yóò parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá máa wọnú alẹ́, olúkúlùkù òṣèré nílò iná kékeré lórí ìwé rẹ̀, ọwọ́ olùdarí náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀. Kòkòrò yóò wá, kò sí bí a ti lè ṣe é.

Bí òjò bá ṣú láìròtẹ́lẹ̀, olùdarí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá orin dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937, ààrá àti òjò já wọ inú ètò tí Koussevitzky ń darí pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà Boston ní Tanglewood ní Amẹ́ríkà; alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dá owó jọ, wọ́n sì ti kọ́ ilé onírùlé tí kò ní ògiri ẹ̀gbẹ́ síbẹ̀ ní 1938. Ẹ̀yin kò ní kọ́ ilé, nítorí náà ẹ bẹ ìjọ tàbí gbọ̀ngàn kan nítòsí ṣáájú, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìpè. Kí àwọn sẹ́lò àti béèsì kọ́kọ́ sá, nítorí wọ́n tóbi, wọ́n sì wọ́n.

Lẹ́yìn ètò, kí gbogbo ohun èlò ti wọ inú àpótí kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ̀. Ẹ san ìyókù owó àwọn òṣèré ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán pẹ̀lú àwọn àlejò.